Aṣọ Tí Ọ̀nà Kàdúná Fa Ìlà Sí Lára

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Abẹ́òkúta, aṣọ Màámi sì wà ní apá mi bí ọmọ tó sùn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1995 ni. Ọyẹ́ ti bo gbogbo òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí fìtílà àwọn alákàrà ẹ̀bá ọ̀nà fi dà bí ẹyin tí a fọ́ sínú omi. Kàdúná ni mò ń lọ. N kò dé ibẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ ilẹ̀ Yorùbá àti ti ilẹ̀ Haúsá, tí mo sì lè fi ìka tọ́ka sí ìlú náà lórí àwòrán ilẹ̀ láìwo orúkọ rẹ̀.

Kí n tó bá ìrìn náà lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé aṣọ tí mo gbé dání. Aládìrẹ ni Màámi. Láyé àtijọ́, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ sára aṣọ funfun. Nígbà tí mo ń dàgbà, àbẹ́là ti ń gba ipò rẹ̀. Wọn a yọ́ ìda àbẹ́là lórí iná, wọn a da ìda oyin díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn kí ó má baà le jù, wọn a sì fi búrọ́ṣì kékeré kọ iṣẹ́ sára aṣọ funfun tí à ń pè ní tẹ́rú kí ìda náà tó dì. Ibi tí ìda bá bò, aró kò ní rí ibẹ̀ wọ̀. Lẹ́yìn tí a bá rẹ aṣọ náà tán, tí a fi omi gbígbóná yọ ìda kúrò, ibẹ̀ ni yóò funfun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń rẹ ẹ́. Aládìrẹ ni ẹni àkọ́kọ́, aláró ni ẹnì kejì, olúkúlùkù sì mọ ààlà rẹ̀.

Láti ìgbà ọmọge Màámi, aláró kan ṣoṣo ni wọ́n fọkàn tán: Síkírátù ọ̀rẹ́ wọn, ẹni tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Àlàájà lẹ́yìn tí ó bá ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, lọ sí Kàdúná. Láti ọjọ́ tí ó ti lọ, kò sí aláró tí Màámi kò bá jà. Nígbà tí òjò ń lọ sópin lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ iṣẹ́ sára aṣọ kan, ìdajì méjì tí a óò rán pọ̀ di ìró. Kí wọ́n tó rí aláró gbé e fún ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn. Ọwọ́ tó ń mú búrọ́ṣì kò lè mú ṣíbí mọ́. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ọwọ́ náà kò ní padà bọ̀ sípò. Aṣọ tí mo gbé dání yìí ni ìkẹyìn tí ọwọ́ yẹn kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn sì lè rẹ ẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn láyé.

"Síkírà ni kí o gbé e fún," ni Màámi wí, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu wọn. "Kì í ṣe ẹlòmíràn. Tètè lọ. Ìda kì í dúró de ènìyàn."

Mo ká a mọ́ ọ̀pá ọparun, nítorí a kì í ṣẹ́ aṣọ tó ní ìda lára po, mo sì fi aṣọ àtijọ́ wé e.

Ní Ìbàdàn ni mo ti wọ Pijó elérò méje tó ń lọ tààrà sí Kàdúná. Làmídì ni awakọ̀ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí ó ń fi Yorùbá bú àwọn awakọ̀ yòókù, tí ó sì ń fi Haúsá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ó wo ẹrù orí itan mi.

"Àǹtí, kí lẹ gbé mọ́ra báyìí? Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ orí ọkọ̀."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kò gbọdọ̀ rí oòrùn, kò gbọdọ̀ tẹ̀, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ gun orí rẹ̀."

"Kò gbọdọ̀ rí oòrùn! Kò gbọdọ̀ tẹ̀!" Ó kọjú sí àwọn èrò. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyàwó ọ̀ṣìngín ló bá wa wọkọ̀. Kí ó san owó tirẹ̀ o!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì mí, Màlámù Sání, oníṣòwò obì láti Kàdúná, kò rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí òun náà ní ìyàwó tirẹ̀. Agbọ̀n obì kan wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ewé tútù bò ó, níbikíbi tí a bá sì ti dúró, yóò bu omi díẹ̀ wọ́n ọn. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, torí ọyẹ́ a máa gbẹ obì. Èmi kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀tá kan náà ni a jọ ní. Oòrùn ni mo ń sá fún.

A kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, a kọjá Ìlọrin. Bí a ṣe ń lọ ni igi ń kúrú, tí ilẹ̀ ń pọ́n sí i, tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi kò ṣeé tì. Làmídì ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí òun tó ra ọkọ̀ náà, òun kò sì fẹ́ yí ìwà rẹ̀ padà. Ètè mi là. Ní Jẹ́bà a gun orí afárá odò Ọya, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní Kwara, ibẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ti gba orúkọ. N kò rí etí odò kejì. Kùrukùru ọyẹ́ ti so omi àti sánmọ̀ pọ̀ láwọ̀ kan, àwọ̀ eérú tí a fi omi yí, ó sì dà bí ẹni pé ọkọ̀ wa ń rìn lórí òfìfo. Apẹja kan dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, kò gbé ọwọ́, kò gbé ẹsẹ̀.

Ní Mọ́kwà a jẹun. Túwó ṣínkáfá ni obìnrin náà tà fún wa, ìyẹn òkèlè ìrẹsì tí a sè rọ̀ tí a sì rò títí tó fi di rìbìtì, pẹ̀lú míyàn táúṣè, ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ sí. Náírà márùndínlọ́gbọ̀n ni abọ́ kan pẹ̀lú ẹran. Lọ́dọ̀ wa, ata ni ahọ́n kọ́kọ́ ń bá pàdé nínú ọbẹ̀; níbẹ̀, adùn elégédé ló kọ́kọ́ kí mi, ata wá lẹ́yìn bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tán kó tó wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Màlámù Sání wọ́n omi sí obì rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀pá mi, ó tutù, inú mi sì dùn pé kò gbóná.

Lẹ́yìn Tẹ́gínà ni ọ̀nà bàjẹ́. Ní kòtò àkọ́kọ́, mo gbọ́ ìró kékeré kan lórí itan mi: kẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná pa ẹ̀pà. Ní kòtò kejì, mo tún gbọ́ ọ, méjì tẹ̀lé ara wọn. Mo ti kọ́ ọ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, mo mọ ohun tó jẹ́: ìda tí òtútù mú ti gan, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sì gbọ̀n ni ó ń sán. Ibi tí ìda bá sán, aró yóò gba ibẹ̀ wọlé, yóò sì fa ìlà tí aládìrẹ kò kọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Àǹtí, mò ń rọra! Kòtò ni kò rọra."

"Me ke kuka haka?" ni Màlámù Sání béèrè, kí ló ń ké báyìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ní Haúsá tí mo kọ́ nínú ìwé, kò rẹ́rìn-ín sí Haúsá mi. Ó tú bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ó fi bo orúnkún rẹ̀, ó fi wé ọ̀pá náà yíká, ó sì ní, "Allah ya kiyaye," kí Ọlọ́run pa á mọ́. Lẹ́yìn náà òun àti èmi gbé e sórí itan wa papọ̀, ìdajì lọ́dọ̀ mi, ìdajì lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ara wa lè mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Báyìí ni a ṣe rìn gba ilẹ̀ Bírínin Gwarí kọjá. Oorun ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Mo la ojú, mo rí agbo màlúù Fúlàní nínú kùrukùru, tí àwọn lékeléke ń tẹ̀lé wọn, tí wọ́n funfun débi pé ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti kun ibi tí wọ́n wà. Lékeléke ni Màámi kọ sára aṣọ náà, lékeléke láàrin koríko odò. Mo di ojú, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. N kò lè sọ èyí tí mo rí lójú ọ̀nà àti èyí tó wà lórí itan mi, àfi pé ti itan mi ni mò ń gbọ́: kẹ́, kẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé Kàdúná. A gba Màńdò wọlé, a sì sọ̀kalẹ̀ ní Kawo, níbi tí ọkọ̀, ènìyàn, àgùntàn àti èéfín ẹran súyà ti jọ ń wá ọ̀nà kan náà gbà. Èdè mẹ́ta ni mo gbọ́ kí n tó rí ẹrù mi gbà. Làmídì fi ọwọ́ tọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà jẹ́jẹ́. "Ó dàárọ̀, ìyàwó," ni ó wí, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ilé Àlàájà kò jìnnà. Àgbàlá ńlá ni, igi dógóyárò kan wà láàrin rẹ̀, àwọn ìkòkò aró sì tò sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin gíga ni wọ́n; èékánná ọwọ́ wọn méjèèjì ti di búlúù láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, wọ́n ń wò mí.

"Bọ̀sẹ̀! Imú Àbẹ̀kẹ́ ìyá rẹ ló wà lójú rẹ yìí. Báwo ni ó ṣe wà? Má purọ́ fún mi."

Mo sọ fún wọn. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń rọra fi ọwọ́ ọ̀tún wọn na ìka ọwọ́ òsì wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹ́ tú aṣọ náà, wọ́n ní kí n dáwọ́ dúró. "A kì í fi iná wo aṣọ. Iná a máa parọ́. Jẹun, kí o sùn."

Ní òwúrọ̀, ọmọ wọn obìnrin, Ràmátù, dé láti ilé rẹ̀ ní Ungwan Boro kí ó tó lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé ìjọba ni. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Haúsá ni ó fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí ìlú yẹn. A tẹ́ ẹní, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tú aṣọ náà lábẹ́ igi dógóyárò.

Gbogbo rẹ̀ ti sán. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí gba ara ìda kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pín sí méjì, ó tún pàdé, ó gba ọrùn lékeléke, ó gba ìyẹ́ wọn. Nísàlẹ̀ igun kan, lékeléke ìkẹyìn kò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. N kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni àárẹ̀ Màámi ti bẹ̀rẹ̀.

"Subhanallah," ni Àlàájà wí.

"Mama, a goge shi kawai," ni Ràmátù wí: kí a ṣáà fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

"Sọ Yorùbá, ìwọ ọmọ yìí. Àlejò wà níbí."

"Àǹtí gbọ́ Haúsá, Mama. Ó kí mi ní Haúsá tó le ju tèmi lọ."

Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. Áyọ́ọ̀nù yóò yọ́ ìda lóòótọ́, yóò sì dí ojú ìlà wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ìda tó bá yọ́ kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ọrùn lékeléke yóò di ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ràmátù fúnra rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo wá ní kí wọ́n bá mi wá búrọ́ṣì àti àbẹ́là. Mo mọ bí a ṣe ń yọ́ ìda. Mo lè fara balẹ̀ tún ojú gbogbo rẹ̀ bò, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bó tilẹ̀ gbà mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

"Ọwọ́ ta ni yóò wà lára rẹ̀ nígbà náà?" ni Àlàájà béèrè.

"Tèmi. Ṣùgbọ́n lórí tiwọn ni. Àlàájà, ẹ mọ Màámi. Ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo aṣọ tó bá sán."

"Mo mọ̀ ọ́n." Wọ́n yí ojú sí Ràmátù. "Ohun tó sọ wá di oníjà nìyẹn láti ìgbà tí àbẹ́là ti wọlé. Èmi fẹ́ràn kí ìda sán díẹ̀. N óò fi ọwọ́ rún aṣọ kí n tó rì í sínú aró. Àbẹ̀kẹ́ yóò bú sẹ́kún! Ó ní aṣọ mi dà bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nínú ọyẹ́. Èmi náà ní tirẹ̀ dà bí ojú ẹni tí kò ní iṣan, a kò mọ̀ bóyá ó ń mí. Ọjọ́ tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ níbí, ó tẹ̀lé mi dé ibùdókọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Ó ní, 'Síkírà, ibi tí o ń lọ yẹn, má ṣe rún aṣọ ẹnikẹ́ni o.'"

Ràmátù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àlàájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ rí ohun tó wà nílẹ̀? Bí mo bá rẹ ẹ́ báyìí, Àbẹ̀kẹ́ yóò ní mo dúró de àìsàn òun kí n tó borí òun. Yóò ní nígbà tí òun kò lè gbé ọwọ́ sókè ni mo wá fi tèmi ṣe. Kò ní sọ ọ́ lẹ́nu. Yóò kàn ká aṣọ náà sísàlẹ̀ àpótí, yóò sì kú láìbá mi sọ̀rọ̀."

Mo ní kí a tẹ Màámi láago. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò wa ti dákẹ́ láti ìgbà òjò, lẹ́tà kò sì lè lọ kí ó padà kí ìda tó tún bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ràmátù lọ sí ọ́fíìsì. Àlàájà fi ìjókòó wọn sẹ́bàá aṣọ náà, wọ́n sì ń wò ó títí oòrùn fi kúrò lápá kan igi dógóyárò bọ́ sí apá kejì.

Mo jáde lọ rìn, kí n má baà máa wo ojú wọn. Oòrùn Kàdúná nínú ọyẹ́ kò ní ẹnu ṣóńṣó. Ó funfun, ó yí rìbìtì, a lè wò ó bí òṣùpá. Mo ra máṣà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín nínú àwo olójú púpọ̀, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ omi kọjá. Mai ruwa ni wọ́n ń pè wọ́n, olómi, nítorí omi ẹ̀rọ ìlú kì í yọ lójoojúmọ́. Odò Kàdúná wà níbẹ̀, wọ́n ní ọ̀nì, tí Haúsá ń pè ní kada, tó pọ̀ nínú rẹ̀ láyé àtijọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rùn ó fà sẹ́yìn láàrin àpáta. Níbi tí mo dúró sí, mo rántí pé aṣọ tẹ́rú tí Màámi rà lọ́jà Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan nínú ìlú yìí ló hun ún. Mo ti rí orúkọ ìlú náà tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀ kí a tó fọ̀ ọ́. Òwú náà ti gúúsù dé, ó ti padà wálé. Èmi nìkan ni àlejò.

Nígbà tí mo dé, Àlàájà ti ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n sì ti ra omi olómi kún agbada.

"Mo ti rò ó," ni wọ́n wí. "N kò ní lọ̀ ọ́. Ìwọ náà kò ní fi búrọ́ṣì kàn án. Aláró kì í tún ọwọ́ aládìrẹ kọ. Òfin wa nìyẹn kí a tó bí ọ. Bí aládìrẹ bá kọ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni aláró yóò rẹ. Lékeléke a sì máa dúró lẹ́sẹ̀ kan."

"Àwọn ìlà náà ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mo fà á? Ṣé ìwọ ni? N kò rún un. Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn mi. Bí ó bá fẹ́ bínú, kí ó bínú sí ọ̀nà." Wọ́n na etí aṣọ kan sí mi. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bọ̀sẹ̀. Di etí ibẹ̀ yẹn mú."

Aró tútù ni wọ́n lò, nítorí omi gbígbóná yóò yọ́ ìda. Wọ́n ti po lúlù, aró òyìnbó lẹ́búlẹ́bú, mọ́ sódà kọ́sítíìkì, wọ́n sì bò ó títí ojú rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé tó ń rà. A rọra rì í. Àlàájà kò fi ọwọ́ fún aṣọ náà, wọn kò yí i, wọ́n kàn ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ omi bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Nígbà tí a fà á yọ, kò ní àwọ̀ búlúù rárá: àwọ̀ ewé ni, pẹ̀lú ìtànṣán pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ kàn án. Mo ti ka èyí nínú ìwé, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ mo sún mọ́ ọn. Láti etí aṣọ ni búlúù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ń rìn bọ̀ láàrin, ó ń ṣú, bí ìrọ̀lẹ́ tó ń rìn gba orí pápá.

A rì í, a fà á, a fi í sí afẹ́fẹ́, títí Àlàájà fi ní ó tó. Ràmátù ti dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fín iná sábẹ́ ìkòkò tí a óò fi yọ ìda. Ìda yọ́, ó léfòó, wọ́n ré e sọ́tọ̀. A fi omi tútù ṣan aṣọ náà, a sì sá a sórí okùn.

Àwọn lékeléke dúró nínú búlúù, wọ́n funfun, gbogbo ara wọn sì kún fún iṣan tín-ín-rín. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ aṣọ náà, ó dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ nínú wọn.

"Mama," ni Ràmátù wí, ní Yorùbá, "wọ́n ń mí."

Àlàájà yí ojú wọn kúrò. "Gbé e lọ fún un," ni wọ́n wí fún mi. "Sọ fún un pé n kò rún un."

Ọ̀nà ìpadàbọ̀ kò gùn tó ti àlọ, tàbí èmi ni mo sùn jù. Mo ṣẹ́ aṣọ náà po sínú báàgì bí aṣọ yòókù, mo sì jẹ́ kí àwọn kòtò Tẹ́gínà ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Nínú oorun mi, odò Ọya kún fún aró, apẹja yẹn ń fa àwọ̀n rẹ̀, àwọ̀n náà sì jẹ́ àwọn ìlà tó wà lára aṣọ. Mo ti máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọwọ́ méjì ló ń ṣe àdìrẹ. N óò tún un sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá, òun sì ni mo fi gbogbo ọ̀nà bẹ̀rù jù.

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí mo wọlé. Màámi wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. N kò jẹ́ kí wọ́n béèrè. Mo tẹ́ ìdajì kan lé ẹsẹ̀ wọn, mo tẹ́ ìkejì sílẹ̀ níwájú wọn, mo sì dúró.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka ọwọ́ òsì wọn gba orí ìlà kan, láti etí aṣọ, gba ọrùn ẹyẹ kan, gba koríko, títí ìlà náà fi pòórá lábẹ́ orúnkún wọn.

"Síkírà rún un."

"Rárá, Màámi. Ọ̀nà ni. Ọyẹ́ ló mú un, kòtò ló sán an, orí itan mi ló ti ṣẹlẹ̀. Àlàájà kò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn fi àìsàn yín borí yín. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn kò rún un."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn kan ṣí, ẹ̀rín ń jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí èjìká wọn fi ń mì, títí omi fi yọ lójú wọn.

"Ẹ̀rù ba Síkírà? Síkírà!" Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú ọwọ́ òsì. "Wò ó bó ṣe dára. Háà, ó dára. Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú, mo sì so etí ìdajì méjèèjì mọ́ra kí n lè rán wọn pọ̀ di ìró.

"Má rán an," ni Màámi wí.

Mo gbé ojú sókè.

"Ìdajì kan, gbé e padà fún un. Ìjà tí ènìyàn méjì jọ jà, ènìyàn kan kì í dá a ró."